Etí nínú Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò: Ìwúlò Ìgbọ́rọ̀ fún Ẹni tí ń Wáṣẹ́ àti Ẹni tí ń Gbani Síṣẹ́



Nígbà tí Olórí Ẹ̀ka-Ẹ̀kọ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ níbí, ohun tí ó rò ni pé n óo sọ̀rọ̀ lórí ewì. Ewì ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń jókòó nínú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń gbani síṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Mo sì rò pé ẹni tí ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ ni ó yẹ kí ó sọ ọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ. Bí a bá tú 'ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò' palẹ̀, ohun tí a óo bá nínú rẹ̀ ni 'fi ọ̀rọ̀ wá ẹni ní ẹnu wò'. Ẹnu wà níbẹ̀; etí kò sí níbẹ̀. Ní Àkúrẹ́, 'íńtáfíù' ni tọmọdé tàgbà ń pè é, ṣùgbọ́n èrò tí ó wà lọ́kàn wọn kò yàtọ̀. Bí ọmọ bá ń lọ síbẹ̀, ìyá rẹ̀ yóò gbàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni gbàdúrà pé kí Ọlọ́run ṣí i ní etí.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀-ìṣe wa 'gbọ́' gbòòrò ju bí a ti rò lọ. A ń gbọ́ ariwo; èyí jẹ́ ti etí. A ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí jẹ́ ti òye. Bí ìyá bá sì ní, 'Mo sọ fún un títí, kò gbọ́,' kò túmọ̀ sí pé ọmọ náà ya odi; ohun tí ó ń wí ni pé kò ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe. Dídún sétí, yíyé ni, àti ìgbọràn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èrò mi ni pé nínú yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń pínyà. Ìbéèrè dún sí ọmọ wa létí. Ó gbọràn pẹ̀lú, nítorí pé ó jókòó jẹ́ẹ́, ó sì ń dá wa lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Èyí tí ó wà láàárín ni ó sọnù, kì í sì í ṣe òun nìkan ni ó sọ ọ́ nù.

Ìlú Oǹdó ni a bí mi sí. Àkúrẹ́ ni mo ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún nínú irú ìgbìmọ̀ tí mo ń wí yìí. Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀, ni ìlú méjèèjì ti pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. Oǹdó ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Adéyẹmí, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 tí ó sì ti di yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ nísinsìnyí. Ní Àkúrẹ́ ni àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, ní Alágbàká, níbẹ̀ ni a sì ti ń wá iṣẹ́. Ọ̀dọ́ tí ó gba ìwé-ẹ̀rí ní Oǹdó yóò wọ mọ́tò, ìrìn-àjò tí kò tó wákàtí méjì, fáìlì lábẹ́ apá. Gbogbo ohun tí ó fi ọdún mẹ́rin kọ́ yóò wá rọ̀ mọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa máa ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tiwọn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1976, iṣẹ́ ni ó ń wá olùkọ́, kì í ṣe olùkọ́ ni ó ń wá iṣẹ́. Ìgbà ti yí padà. Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójú tó ìwọlé àti ìjáde ní ẹnu ibodè pe àwọn tí ń wáṣẹ́ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000. Àyè iṣẹ́ tí ó wà kò tó 5,000. Ní Àbújá, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin, àwọn ọ̀dọ́ kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Níbi tí a bá ti kó ènìyàn jọ báyìí, kò sí ẹni tí ó lè fetí sí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ọmọ tí ó bá rí àga jókòó lé nínú yàrá kan, tí ènìyàn márùn-ún sì kọjú sí i, ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí. Kò yẹ kí ó ṣòfò.

Kí ẹ má sì rò pé etí àwọn ọmọ wa kò dára. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó ṣe ní ọdún 1967 lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, Abíọ́dún Adétugbọ̀ pín Àkúrẹ́ mọ́ àwọn ẹ̀ka-èdè ti àárín gbùngbùn, ó sì pín Oǹdó mọ́ ti gúúsù-ìlà-oòrùn. Ọmọ Oǹdó ń sọ ti Oǹdó nílé, ó ń kọ Yorùbá àjùmọ̀lò ní ilé-ẹ̀kọ́, ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, bí ó bá sì dé Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, yóò tún tẹ́tí sí ohùn mìíràn. Bí ọ̀rọ̀ ìyá tí ń ta ata kò bá yé e, yóò ní, 'Ẹ ní èló, ìyá?' Ìyá náà yóò tún un sọ, kò sì ní bínú. Etí tí ó jí pépé ní ọjà ni ó ń sùn ní Alágbàká. Kí ni ó fà á?

Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń ṣe ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wọ̀nyí, ìbéèrè àkọ́kọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà níbi gbogbo: 'Sọ fún wa nípa ara rẹ.' Ìdáhùn tí mo ti gbọ́ sí i kò níye. 'Èmi ni ọmọ kẹta nínú ọmọ mẹ́fà. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì ni bàbá mi, màmá mi sì ń ta aṣọ.' Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìgbìmọ̀ a máa wo ara wọn, ẹ̀rín a sì fẹ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Èmi kì í rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo mọ ibi tí ìdáhùn náà ti wá. Etí Yorùbá ni ọmọ náà fi gbọ́ ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá bi ọmọ Yorùbá léèrè irú ẹni tí ó jẹ́, 'ọmọ ta ni ọ́?' ni ó ń gbọ́. Nínú oríkì orílẹ̀, kí a tó dé orí ẹni tí a ń kì, a óo ti la ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ kọjá. Ìdáhùn tí ó fún wa pé, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn ni ó dáhùn. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń béèrè ni pé: kí ni o ti ṣe rí tí ó fi hàn pé o lè ṣe iṣẹ́ yìí?

Èkejì fara sin ju èyí lọ, ìpalára rẹ̀ sì pọ̀ jù. Mo wà níbì kan tí alága ti wo fáìlì ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí ó sì ní, 'Ṣé o kò tíì kọ́ kíláàsì àgbà rí?' Ọmọ náà ní, 'Yẹ́ẹ̀sì, sà.' Inú alága dùn. Ó ní, 'Ó dára. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ni?' Ọmọ náà dákẹ́, ó ń wò wá. Alága tún béèrè. Ọmọ náà ní òun kò tíì kọ́ wọn ní ibì kankan. Ìgbà tí ó jáde, ẹnìkan nínú wa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà kì í sọ òótọ́.

Irọ́ kan kò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní èdè Yorùbá, bí a bá bi ènìyàn pé, 'Ṣé o kò jẹun ni?' tí kò sì jẹun, 'Bẹ́ẹ̀ ni' ni yóò fi dáhùn, èyí ni pé bí ẹ ti wí i gan-an ni ó rí. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni kan náà gbọ́dọ̀ wí pé 'Rárá'. Ìdáhùn wa ń wo ọ̀rọ̀ tí olùbéèrè sọ, bóyá ó tọ̀nà tàbí kò tọ̀nà. Ìdáhùn Gẹ̀ẹ́sì ń wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tàbí tí kò ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà fi ẹnu sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi ọkàn dáhùn ní Yorùbá. Mo ṣe àlàyé yìí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́jọ́ náà, a sì pa ohun tí a kọ rẹ́. Àwọn mélòó ni ó ti lọ báyìí ní ibi tí kò sí ẹni tí yóò ṣe àlàyé? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí a bá bi yín ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn. Ẹ sọ odindi gbólóhùn: 'N kò tíì kọ́ wọn rí, sà.' Kò sí ẹni tí yóò ṣi èyí gbọ́.

Ohun kẹta kan gbogbo ènìyàn, kì í ṣe Yorùbá nìkan. Ní ọdún 1957, Ralph Nichols, ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Leonard Stevens, tẹ ìwé kan jáde lórí ìgbọ́rọ̀. Lára ohun tí Nichols rí ni pé bí ènìyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tán báyìí, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ péré ni ó ń rántí, bí ó ti wù kí ó fetí sílẹ̀ tó. Ìdí rẹ̀ ni pé ọkàn yára ju ẹnu lọ. Nǹkan bí ọ̀rọ̀ 125 ni ará Amẹ́ríkà ń sọ ní ìṣẹ́jú kan. Ọkàn lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ó sì máa ń fi àyè tí ó kù rìn gbéregbère. Àwa ń wí pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Bí a bá tẹ̀lé ti Nichols, odindi ni a sọ, ààbọ̀ ni ó dé inú.

Ọkàn olùwáṣẹ́ kì í tilẹ̀ rìn gbéregbère. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe: ó ń to ìdáhùn. Ó ti há ìbéèrè àti ìdáhùn sórí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ó sì ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ kan tí yóò jọ èyí tí ó mọ̀. Bí ó bá ti gbọ́ 'kíláàsì', kò gbọ́ ìyókù mọ́. Ó ti ń ka ohun tí ó há sórí nípa kíláàsì.

Ṣùgbọ́n gbogbo èyí ì bá rọrùn láti tún ṣe bí ọmọ náà bá lè sọ pé, 'Ẹ jọ̀wọ́, kò yé mi.' Ibí yìí gan-an ni ìṣòro wà. Nígbà tí a wà ní ọmọdé ní Oǹdó, bí àgbà bá rán wa níṣẹ́, ohun tí a ń wí ni, 'Mo ti gbọ́, mà,' ìbá à jẹ́ pé a kò gbọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ó tó fi ohùn kẹ́lẹ́ bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé, 'Kí ni wọ́n ní kí n lọ mú wá?' A kò lè padà lọ béèrè, nítorí pé ẹni tí ó bá tún béèrè ni ẹni tí kò fetí sílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Báyìí ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe di àmì ìgbọ́rọ̀, tí ìbéèrè sì di àmì àìgbọràn.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà Yorùbá nìyẹn. Èmi kò gbà. Àṣà ilé ni, a sì ní òmíràn. Nínú ìwé tí ó kọ lórí ìjálá ní ọdún 1966, Adébóyè Babalọlá ṣàlàyé bí àwọn oníjàálá ti ń gbọ́ ara wọn. Ọ̀kan ń sun ìjálá, àwọn ìyókù jókòó, wọ́n ń gbọ́. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ nípa ìran kan, ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbọ́ lè dá a dúró ní gbangba kí ó sì sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń sun ìjálá lè gbèjà ara rẹ̀ pé bí ọ̀gá òun ti kọ́ òun nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó ka èyí sí àfojúdi. Ẹni tí kò bá gbọ́ dáadáa kò lè rí ibi tí àṣìṣe wà.

Ti Ifá tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Gẹ́gẹ́ bí William Bascom ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1969, ẹni tí ó lọ dá Ifá kì í sọ ohun tí ń ṣe é fún babaláwo. Owó ni yóò mú sún mọ́ ẹnu, yóò sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i. Babaláwo yóò dá Ifá, odù yóò yọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ tẹ̀lé ẹsẹ. Ẹni tí ó wá béèrè ni yóò mọ èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu, òun ni yóò sì dá babaláwo dúró níbẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n gbọ́, ẹsẹ tirẹ̀ yóò kọjá lọ lójú rẹ̀. Mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun wọ̀nyí láti ọdún pípẹ́, mo sì gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí n rántí.

Ọjọ́ náà nìyí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ ń wá olùkọ́ lítíréṣọ̀. Àwa márùn-ún ni a jókòó. Ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa ni ó ń béèrè ìbéèrè tí ó kàn mí jù: 'Bí a bá fún ọ ní kíláàsì tí ó ní ọgọ́ta akẹ́kọ̀ọ́, tí ìwé eré-onítàn tí ó wà kò sì ju mẹ́ta lọ, báwo ni ìwọ yóò ti kọ́ wọn?' Ẹni mẹ́fà ti wọlé, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó ka ọ̀nà ìkọ́ni fún wa bí wọ́n ti há a sórí. Ẹnì keje jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Oǹdó. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, 'Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé ẹ̀dà mẹ́ta ti ìwé kan náà ni, tàbí ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀?'

Nínú àwa márùn-ún, kò sí ẹni tí ó ti kíyè sí i pé ìbéèrè wa ní ìtumọ̀ méjì. Láti àárọ̀ ni a ti ń béèrè rẹ̀. Òun nìkan ni ó gbọ́ ọ.

Àgbà náà gbé ojú sókè kúrò lórí ìwé. Ó ní, 'A ní kí o dáhùn, o tún ń bi wá léèrè?' Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí ibi tí ó wà, ó ní, 'Ẹ má bínú, sà.' Lẹ́yìn náà, ó ka ọ̀nà ìkọ́ni fún wa gẹ́gẹ́ bí ti àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Èmi kò sọ nǹkan kan. Mo kọ 6 nínú 10 síwájú orúkọ rẹ̀, nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn ìyókù. Kò rí iṣẹ́ náà gbà.

Mo tún pàdé rẹ̀ ní Oǹdó lẹ́yìn ìgbà náà, níbi ìkómọjáde kan. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Mo bi í pé kí ni ì bá sọ fún wa lọ́jọ́ náà bí a bá ti dá a lóhùn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ó bá jẹ́ ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, òun ì bá pín kíláàsì sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀dà mẹ́ta ti ìwé kan, òun ì bá mú àwọn tí ohùn wọn dára jáde síwájú, kí wọ́n ka eré náà, kí àwọn ìyókù pa ojú dé. 'Wọn yóò gbọ́ ọ, sà. Eré ṣáà ni. Kò pọn dandan kí gbogbo wọn ní ìwé lọ́wọ́.' Láti ọjọ́ náà, n kò tíì rí ìdáhùn tí ó dára ju èyí lọ sí ìbéèrè wa.

A máa ń wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òsìkà. Ìgbìmọ̀ tí ń gbani síṣẹ́ kì í tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan náà tán nígbà mìíràn. Mo ti jókòó níbi tí ẹnìkan ti ń ka fáìlì ẹni tí ó kàn nígbà tí ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀, tí fóònù ń dún, tí méjì nínú wa sì ń jíròrò nípa owó mọ́tò. Ní ọdún 1998, Frank Schmidt àti John Hunter kó ìwádìí ọdún 85 jọ lórí bí a ti ń yan òṣìṣẹ́. Wọ́n rí i pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí a ti ṣètò ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀, tí a sì ń bi gbogbo ènìyàn bákan náà, ń fi ẹni tí yóò mọ iṣẹ́ ṣe hàn ju èyí tí a ń sọ bí ó bá ti wá sí wa lọ́kàn lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwa náà ti ṣètò ìbéèrè tiwa lọ́jọ́ náà. Etí ni a kò ṣètò.

Mo ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi níyànjú pé kí wọ́n jẹ́ kí ìbéèrè parí, kí wọ́n mí, kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ara wọn tún un sọ bí ó bá gùn. Bí ó bá ní ìtumọ̀ méjì, kí wọ́n béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀: 'Ẹ jọ̀wọ́, mà, kí n lè dáhùn dáadáa, ṣé èyí ni ẹ ní lọ́kàn tàbí èyí?' N kò lè ṣèlérí fún wọn pé inú gbogbo àgbà yóò dùn sí i.

Níbi ìgbìmọ̀ tí mo jókòó sí kẹ́yìn, mo bẹ alága pé kí ó sọ fún olúkúlùkù bí ó bá ti wọlé pé, 'Bí ìbéèrè wa kò bá yé ọ, bi wá.' Ẹlẹgbẹ́ kan ní a fẹ́ bà wọ́n jẹ́ ni, alága gbà. Ènìyàn mọ́kànlá ni ó wọlé lọ́jọ́ náà. Méjì péré ni ó béèrè. Ọ̀kan nínú wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ní kí n jọ̀wọ́ tún ìbéèrè mi sọ. Mo la ẹnu láti tún un sọ, mo sì rí i pé èmi fúnra mi kò lè sọ ọ́ bí mo ti sọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìbéèrè, mo ti ṣe tán.